Ẹ̀rín Tó Wà Nínú Ikùn Narkasur

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, mò ń sá ìrẹsì sí iwájú ilé, mo sì ń bá àwọn ológoṣẹ́ ja ìjà kan tí wọ́n ti borí mi tipẹ́. Pundalik ló mú un wá. Láti ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ń gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí bí inú Pundalik bá dùn, aago yẹn kì í sinmi, bí inú rẹ̀ bá sì bàjẹ́, kì í sinmi náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun ló ni ilé tíì tó wà lábẹ́ igi ọdán, òun sì ni alága ẹgbẹ́ tó ń kọ́ Narkasur, ère àǹjọ̀nú tí àwọn Híńdù ń sun ní ọdún Diwali, ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD nígbà tó wà ní kékeré, nítorí náà bó bá dé iwájú mi, ẹ̀yìn ló máa ń kó ọwọ́ méjèèjì sí, bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ó ní àwọn ará ìlú tó ń ṣètò ìdíje ti fi ìwé ránṣẹ́. Láti ọdún 1999 yìí lọ, eyín àti ìwo kò tó mọ́. Gbogbo Narkasur tí wọ́n bá gbé wá gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀.

Mo bi í pé ìtumọ̀ báwo.

"Tíṣà, èmi gan-an ò mọ̀. Wọ́n ní kó dúró fún nǹkan tí àwa èèyàn fọwọ́ ara wa dá, tó wá ń dẹ́rù bà wá. Wọ́n ní kó jẹ́ àkàwé."

Ó pe àkàwé yẹn bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ìrẹsì díẹ̀ padà sórí ẹní, mo sì mọ̀ pé ohun tó bá wá gan-an kò tíì jáde. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bèèrè ẹ̀rín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń kọ́ Narkasur. Ọparun ni egungun rẹ̀, koríko ni ẹran ara rẹ̀, ìwé ìròyìn àná ni awọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Diwali, a ó gbé e lọ sí ìlú láti fi wé ti àwọn àdúgbò yòókù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, a ó gbé e padà wálé, a ó sì dáná sun ún. Gbogbo ayé rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọkọ mi Rozar ló ń kan egungun rẹ̀. Káfíńtà ni, ọmọ Ìjọ Àgùdà bíi tèmi. Ìlẹ̀kùn àti pósí ló ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀ á lọ kan àǹjọ̀nú fún àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Híńdù. Fádà bá a wí lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Rozar dá a lóhùn pé, "Fádà, èmi náà ni mo kan àga tí ẹ jókòó lé yìí, mi ò gbọ́ kí igi rẹ̀ bi mí nípa ẹ̀sìn." Fádà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ní ọdún 1981, Rozar ronú pé àǹjọ̀nú tí kò lóhùn kò yàtọ̀ sí aṣọ tí wọ́n sá. Ó yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná wa, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín bí ẹ̀dá burúkú. Ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń gòkè bọ̀, ó ń tóbi, àyà mi gan-an já. Ṣùgbọ́n ó ti mu ife fẹ́nì kan, ọtí líle ilẹ̀ wa, kó lè ní ìgboyà, nígbà tí ẹ̀rín náà sì dé òkè pátápátá, òsúkè mú un. Èmi tí mo wà nídìí ààrò kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ṣì ń gba ohùn. Mo ní, "Rozar, pez rẹ ti ń tutù o." Bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe parí nìyẹn. Pez ni omi ìrẹsì tí a máa ń mu lówùúrọ̀. Kò gbà kí a tún un gbà. Láti ọdún yẹn ni Narkasur àdúgbò wa ti ń rẹ́rìn-ín tí ilẹ̀ ń mì, á ṣe òsúkè, obìnrin kan á sì sọ fún un pé oúnjẹ rẹ̀ ń tutù. Àwọn èèyàn máa ń ti àdúgbò márùn-ún wá gbọ́ ọ. Àwọn ọmọdé a máa pariwo gbólóhùn mi tẹ̀lé mi ní ọ̀nà ọjà. Ojú tì mí fún ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára.

Ohùn Rozar kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn.

Oṣù kẹfà ọdún 1999 kan náà ló kú, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Ìṣó gún un ní ẹsẹ̀ òsì níbi tó ti ń tún òrùlé ṣe. Dókítà fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹrin ara rẹ̀ yá, ó sì kó ìyókù sínú agolo bísíkíìtì, ó ní ó di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn náà dé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó padà sídìí agolo rẹ̀. Oògùn pe egbò náà títí, egbò kò dáhùn mọ́.

Mo sọ fún Pundalik pé mo máa rò ó wò.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣe ìpàdé ní ilé tíì, wọ́n sì ní kí n wá jókòó nítorí pé mo mọ ìwé. Yeshwant onígbàjámọ̀, tó máa ń fa okùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ Narkasur lọ́dọọdún, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ni kí a ṣe, nítorí wọ́n ní tí ọdún 2000 bá wọlé, gbogbo kọ̀ǹpútà ayé máa gbàgbé ọdún tó wà, ọkọ̀ òfurufú á sì máa já bọ́ bí àgbọn. Pundalik ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni ti báńkì, wọ́n sì da aṣọ olódòdó bò ó bí ìyàwó tuntun, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀? Ẹlòmíràn mú ọ̀rọ̀ àgùntàn wá, èyí tí àwọn Òyìnbó fi ara àgùntàn mìíràn ṣe láìsí àgbò. Yeshwant bèèrè bí èrò ọjà yóò ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àgùntàn lásán. Ẹni yẹn ní kí a ṣe méjì tó jọra. Wọ́n rò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì jọ pé wọ́n máa gbà, àfi pé kò sẹ́ni tó lè ronú bí àgùntàn yóò ṣe dẹ́rù bani. Ọkùnrin kan níkàngun ní kí a ṣe ìyá ìyàwó. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wọlé, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí ìpàdé fi parí.

Ìgbà náà ni Sulaksha dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Pundalik ni, ó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. "Tíṣà Àgbà" ló ń pè mí, kí a lè mọ̀ pé òun náà ni Tíṣà.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àgùntàn sílẹ̀," ló wí fún Pundalik. "Ohun tí èèyàn bá dá kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ìgbà tó bá dá a tán tó kọ ẹ̀yìn sí i, ìgbà yẹn ló ń di àǹjọ̀nú."

Ó ní àǹjọ̀nú kan wà tí gbogbo wa ń tọ́ nínú ilé. A ń lo oògùn dé ìdajì, a ń dáwọ́ dúró, kòkòrò àìsàn tí kò tíì kú á wá fi ìdajì yẹn kọ́ ìjà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Olúkúlùkù wọn ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni tó sọ òrùka sí i. Mo dìde, mo ní ìrẹsì mi wà níta, mo sì lọ. N kò gbọ́ ibi tí wọ́n fàbọ̀ sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà láti abẹ́ ère Màríà Wúńdíá. Mo rò ó pé tí mo bá fi í pamọ́, n kò ní í gbọ́ ọ láé, nítorí n kò ní ìgboyà láti nìkan jókòó gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e fún Sulaksha, mo sì mú kó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á yọ ọ́ nínú ikùn Narkasur kí wọ́n tó dáná, bí Rozar ti máa ń yọ ọ́. Ó ní òun mọ ẹnì kan ní ìlú tó lè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí ó má baà jẹ́ ẹyọ kan. Mo ní kó di ẹ̀yìn ọdún. Ẹ wò ó bí èmi náà ṣe sọ ọ́: ó di ìgbà mìíràn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Diwali tó pé, wọ́n kó aṣọ funfun gígùn kan wá fún mi, wọ́n ní kí n kọ ìtumọ̀ Narkasur sí i, nítorí pé àwọn Sístà tó tọ́ mi kọ́ mi ní ìkọ̀wé tó rẹwà. Wọ́n fi pélébé ìwé kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí sínú rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èdè kan là ń sọ, Konkani, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì la fi ń kọ ọ́. ABD Òyìnbó ni àwọn Sístà fi kọ́ mi. Àwọn Pundalik ń lo lẹ́tà tó so rọ̀ lábẹ́ ìlà bí aṣọ tí a sá sórí okùn, èyí tí mo máa ń kà bí adìyẹ tó ń ṣa ọkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà méjì péré ló wà lórí pélébé náà, tíì sì ti dà sórí àkọ́kọ́.

Mo gbé e síwájú fèrèsé. Mo kà á: *mog*.

Ìfẹ́ ni mog. Mo jókòó. Mo rò pé wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ wọn rò lẹ́yìn tí mo kúrò, nítorí tèmi àti nítorí Rozar. Mo fi ọ̀dà pupa tí Rozar ṣẹ́kù sínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà mẹ́ta, M, O, G, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Inú mi dùn débi pé mo ń kọ orin lẹ́nu, mo sì ṣe òdòdó kékeré sí etí G. Nígbà tó gbẹ, mo ká a, mo fi okùn dì í, wọ́n sì so ó mọ́ àyà Narkasur bó ṣe wà, kí wọ́n lè fa okùn náà níwájú àwọn adájọ́.

Ẹ̀yin ìbá rí i ní ọjọ́ yẹn. Gíga rẹ̀ tó ilé alájà méjì. Wọ́n ti fi àwọn páálí oògùn tó ṣófo ṣe ẹ̀gbà sí i lọ́rùn, ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ́ hóró oògùn tó tóbi tó abọ́, ìdajì pupa, ìdajì funfun. Mo bi ara mi pé kí ni oògùn ń ṣe lọ́rùn ìfẹ́, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀dọ́ ni Sulaksha, ó ní bó ṣe ń wo nǹkan. Orí ọkọ̀ ẹrù la gbé e lé. Wáyà iná mànàmáná mú ìwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, Yeshwant sì ń fi òpó gígùn tì í kúrò, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àna.

Pápá kún. Oòrùn ti ń wọ̀. Àdúgbò kan gbé ẹ̀fọn tó jókòó sórí gọ́tà ìdọ̀tí wá, òmíràn gbé tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ ọmọ ọwọ́, méjì sì gbé kọ̀ǹpútà, tí Yeshwant fi wo Pundalik bí ẹni pé "mo sọ ọ́ tán." Nígbà tó kàn wá, Pundalik fi gbogbo agbára fa okùn. Aṣọ náà ṣí.

Pundalik kà á. Ó yí padà sí mi.

"Tíṣà, kí lẹ kọ?"

"Ohun tí ẹ ní kí n kọ ni."

"*Rog* la kọ! Àìsàn!"

"*Mog* ni mo rí."

Yeshwant gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ní, "Tíì mi ló dà sí i."

Olórí àwọn adájọ́, ọkùnrin kan tó fi awò ojú sí góńgó imú, gbé gbohùngbohùn, ó ní òun fẹ́ kí alága ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí ìfẹ́ ṣe di àǹjọ̀nú. Mo wo ojú Pundalik, mo tún rí ọmọ ọdún méje tí ajá jẹ ìwé rẹ̀. Ó gba gbohùngbohùn náà, ó fa èémí sínú.

"Ẹ̀yin àgbà," ló wí, "ó di ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n tí mo ti gbéyàwó. Ẹ má tún bi mí bóyá ìfẹ́ ń dẹ́rù bani."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn wa, kígbe pé ó máa padà wálé bá òun. Adájọ́ dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n oògùn tó wà lọ́rùn Narkasur yìí ńkọ́? Sulaksha já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Pundalik.

"Nítorí pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń lò ó parí," ló wí.

N kò mọ bóyá ó rò ó kó tó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé obìnrin adájọ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì yọ aṣọ ìnujú. Yeshwant, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bèèrè nǹkan, tẹ ẹ̀rọ.

Ẹ̀rín Rozar bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìsàlẹ̀ ikùn àǹjọ̀nú náà gòkè bọ̀ bó ṣe máa ń gòkè, àwọn ọmọdé sì fò sẹ́yìn ìyá wọn pẹ̀lú ìdùnnú. Ó gòkè dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó di ohùn akọ màlúù, ó di ti ọ̀pọ̀lọ́, ó di ti ìlẹ̀kùn tí kò lépo, ó sì dákẹ́.

Gbogbo ẹni tó ti lo kásẹ́ẹ̀tì rí mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí. Sulaksha ti gba ẹnu ọ̀nà ikùn wọlé. Nígbà tó jáde, okùn aláwọ̀ ilẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ká, ó lọ́, ó já sí wẹ́wẹ́. Ó gbé e wá bá mi bí ẹni gbé ẹyẹ tó ti kú. "Tíṣà Àgbà," ló wí.

Mo gbà á. Kò wúwo rárá. Mo ń rò pé mo ti pa á lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: ó di ìgbà mìíràn.

Ìgbà náà ni ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́fọn ni, kì í tilẹ̀ ṣe ará àdúgbò wa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń gòkè bọ̀. Yeshwant gbà á lẹ́nu rẹ̀. Pundalik gbà á. Àwọn ọkùnrin tó ti ń gbé Narkasur láti ogún ọdún, àwọn ọmọ wọn, àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà nídìí ọgbà, gbogbo wọn gbé ẹ̀rín Rozar sókè bó ṣe ń gbé e, wọn kò fi ìdíwọ̀n kan ṣìnà, títí tó fi dé òkè pátápátá. Ẹgbẹ̀rún èèyàn sì ṣe òsúkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń dúró.

Ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Sulaksha ló gbé gbohùngbohùn sí ẹnu mi. Ní gbogbo ọdún méjìdínlógún yẹn, n kò tíì sọ gbólóhùn náà níta rí. Èmi nìkan ni kò sọ ọ́.

"Rozar," mo wí, "pez rẹ ti ń tutù o."

Ariwo tó tẹ̀lé e, n kò lè kọ ọ́. Ìwo Narkasur kan jábọ́ nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, n kò sì mọ ìgbà tí ẹkún dara pọ̀ mọ́ ọn, ó ṣá wà níbẹ̀.

A kò gba nǹkan kan. Ẹ̀fọn ló gba ipò kìíní. Adájọ́ ránṣẹ́ pé ìkọ̀wé wa ló dára jù.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, a dúró yí i ká lẹ́yìn ilé tíì, iná sì wà lọ́wọ́ Pundalik. Kò fẹ́ dáná. Ó ní èèyàn ha lè dáná sun ohun tí wọ́n kọ ìfẹ́ sí láyà bí? Ó bi mí bóyá kí wọ́n yọ aṣọ náà. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo wọ inú ikùn àǹjọ̀nú náà, mo dá okùn kásẹ́ẹ̀tì padà sí ibi tí Rozar máa ń kan ìjókòó ẹ̀rọ rẹ̀ sí lọ́dọọdún, mo jáde, mo sì ní, "Ó yá." Ó jó dáadáa. Lẹ́tà M ló jó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà a lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé Pundalik. Níbẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé karit sí lówùúrọ̀ Diwali, èso kékeré kan bí ẹyin adìyẹ, kíkorò bí jogbo. Ó dúró fún àǹjọ̀nú náà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, wọ́n á tọ́ omi rẹ̀ wò, kí wọ́n tó jẹ ìrẹsì pẹlẹbẹ àti àgbọn. Baba Pundalik ló kọ́kọ́ pe Rozar síbẹ̀ láyé àtijọ́, ó ní ẹni tó dá a ni kó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, èmi á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Pundalik gbé karit náà kalẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Mo di èjìká Sulaksha mú, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Omi rẹ̀ tutù láàárín ìka ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan kàn án, mo sì fi kan ahọ́n, bí Rozar ti máa ń ṣe.